Kásẹ́ẹ̀tì Adó, Kásẹ́ẹ̀tì Ìyìn

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Monínúọlá kọ́kọ́ rí. Ó nà gbalaja sábẹ́ tábìlì ní yàrá iwájú ilé Màámi Ìyìn, ó ń fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà iná, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti yọjú láti inú ìbọ̀sẹ̀ tó lu. Nígbà tó yọ jáde, eruku bo gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ru rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì bí ẹni ru omi.

"Ẹ kú ìrìn, Mísì. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ti rẹ̀ yín."

Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ ọjọ́ ti pẹ́, kò kàn sí ẹni tó sọ ọ́ fún un rí ni. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó dúró sí, ó sì yára bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyẹn ní ọdún 1978, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Òǹdó. Bàbá Monínúọlá ni olórí akọrin ní ìjọ Áńgílíkà kan ní Adó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ̀dá orin ìjọ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè kọ̀wé mọ́, inú kásẹ́ẹ̀tì ló ń kọrin sí. Ọdún tí ìyá Monínúọlá kú gan-an ni ìjì ṣí òrùlé yàrá akọrin, òjò sì ba gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni bàbá náà ti fi dandan lé e pé orin òun gbọ́dọ̀ wà ní ìlú méjì. "Àgbẹ̀ kì í kó gbogbo èbù sí abà kan," ó wí, ó sì yan ilé Màámi Ìyìn, àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Yíyàn rọrùn, ẹsẹ̀ Monínúọlá ló ń rìn ín. Láàárín ọ̀sẹ̀, Bàbá á fi orin kún kásẹ́ẹ̀tì Adó, á yọ òmíràn kúrò. Tó bá di Sátidé, Monínúọlá á gbé e pẹ̀lú rédíò lọ sí Ìyìn kí wọ́n lè gba orin rẹ̀ sínú ti ibẹ̀, kí méjèèjì lè bá ara wọn mu. Ó ń kọ́ni nílé ìwé látòwúrọ̀ Mọ́ńdè títí di Fúráídè, ó ń dáná, ó ń fọṣọ, lẹ́yìn náà ló tún kan ọ̀nà Ìyìn. Ọkọ̀ tó máa gbé e kì í tètè kún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti bímọ.

Akínbọ́lá ni orúkọ ọkùnrin abẹ́ tábìlì. Ọmọ Igbemọ ni, tíṣà girama, ayálégbé Màámi Ìyìn. Ẹ̀rọ Màámi ti kú, ti Akínbọ́lá ni wọ́n wá ń lò. Wọn kò rí wáyà tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ méjì pọ̀ rà, nítorí náà wọ́n á gbé wọn kojú ara wọn, ọ̀kan á máa kọrin, ìkejì á máa gbà á sílẹ̀. Gbogbo ilé gbọ́dọ̀ pa lọ́lọ́.

"Ẹ dákẹ́ n'ulé yìí o!" Màámi á pariwo. "Bùròdá mi fẹ́ kọrin!"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra nìyẹn, láìsọ̀rọ̀. Akínbọ́lá á bó ọsàn, á fi síwájú rẹ̀. Á fi ọwọ́ bi í pé báwo ni ilé ìwé, òun náà á fi ojú dá a lóhùn. Ní Sátidé kan adìẹ Màámi wọlé, ó ń ké kẹkẹkẹ. Akínbọ́lá dìde, ó ń yọ́ rìn, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń bẹ adìẹ náà bí ẹní ń bẹ olówó orí. Monínúọlá ki gèlè bọ ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bú jáde lójijì.

"Ó ti wọnú kásẹ́ẹ̀tì," Akínbọ́lá wí nígbà tí orin parí. "Ṣé ká tún un ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ó rẹ̀ mí."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, orin ìkórè tuntun wà nínú kásẹ́ẹ̀tì Adó. Odidi oṣù ni Bàbá fi hun ún, ó sì ní kò sí èyí tó dùn tó o nínú gbogbo orin òun. Monínúọlá ti sùn díẹ̀ nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ wúwo. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì sínú ẹ̀rọ, Akínbọ́lá sì tẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà ṣẹ́wọ́ sí i pé kó jẹ́ kí àwọn jáde. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọsàn.

"Monínú, ó rẹ èmi náà."

"Kí ló rẹ̀ yín?"

"Dídákẹ́ ni. Fẹ́ mi, olólùfẹ́ mi, kí n lè máa fi ẹnu bá ọ sọ̀rọ̀."

"Bàbá ńkọ́? Ta ni yóò máa tọ́jú wọn? Ẹ̀yin sì tún jẹ́ Aládùúrà. Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ nípa àwọn tí kì í wọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Tó bá jẹ́ ti bàtà ni, màá wọ̀ ọ́ sùn."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, kásẹ́ẹ̀tì ti yí dópin.

Níbi ìdánrawò akọrin ni àṣírí ti tú. Bàbá tẹ ẹ̀rọ, adìẹ ló ké. Ó dúró de orin ìkórè títí, kò gbọ́ ọ. Kásẹ́ẹ̀tì Ìyìn ni Monínúọlá ti fi sínú ẹ̀rọ tó ń kọrin, ó fi ti Adó sínú èyí tó ń gbà á sílẹ̀, ti àtijọ́ sì pa tuntun rẹ́. Ká ní wọ́n jókòó tì í ni, wọn ì bá ti gbọ́. Bàbá la ẹnu láti tún orin náà kọ, ṣùgbọ́n ibà ti dá a wó láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ohùn orin náà kò wá mọ́. Ó jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́.

Akínbọ́lá gbọ́, ó sáré wá sí Adó, ó dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni mo ṣì í ṣe, sà. Ẹ má bínú sí Mísì."

"Níbo lo wà tí o ò gbọ́ ọ?"

Ojú Akínbọ́lá sá lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Mọ́ wọ ulé mi mọ́," Bàbá wí.

Monínúọlá jáde láti ilé ìdáná, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ. Ìta la wà, ó ń bi mí bóyá màá fẹ́ òun. Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ló ti ń rẹ̀ mí."

Bàbá wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Akínbọ́lá náà sì lọ.

Orin àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ìkórè. Monínúọlá kò lọ sí Ìyìn mọ́, ó ń jókòó sílé ní Sátidé bó ṣe máa ń wù ú tẹ́lẹ̀. Kàyéfì ibẹ̀ ni pé ìsinmi tí kò sí Akínbọ́lá nínú rẹ̀ tún rẹ̀ ẹ́ ju ìrìn lọ. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an, kò sì rí ẹni bá sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ti ilé ìwé dé, ó gbọ́ ẹ̀rín láti yàrá Bàbá. Ẹ̀rín náà dákẹ́, Bàbá yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, ó tún bú jáde.

"Monínúọlá, ta lèyí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín báyìí?"

"Adìẹ ni, sà. Àti ẹni tó ń lé e."

Bàbá pa ẹ̀rọ náà. "Mi ò mọ̀ pé o ṣì ń rẹ́rìn-ín. Orin ni mò ń pa mọ́ sí ìlú méjì. Ọmọ tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, mo jókòó, mò ń wò ó tó ń gbẹ."

Ní Sátidé, àwọn méjèèjì ló jọ wọ ọkọ̀ Ìyìn. Akínbọ́lá tún dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀.

"Dìde," Bàbá wí. "Ṣé ẹ ń pàtẹ́wọ́ sí orin ní ìjọ tiyín?"

"A máa ń pàtẹ́wọ́, sà."

"Tó bá jẹ́ orin tèmi ni, ẹ rọra pa á." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àyọ̀kẹ́ àbúrò mi yóò wá máa bá mi gbé ní Adó, a ti sọ ọ́. Ohùn mi lè wà ní Adó, kó tún wà ní Ìyìn. Ìwọ, ibì kan ni kí o wà. Ibi tí o ti ń rẹ́rìn-ín ni kí o wà."

Màámi Ìyìn fi ìborùn nu ojú, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ó ku àwọn méjì níta.

"Monínú mi," Akínbọ́lá wí, "o ò tíì dá mi lóhùn o."

Monínúọlá di ọwọ́ ọkùnrin náà mú.

"Mo gbà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sùn."