Ọ̀rọ̀ Méjìlá Tó Wà Nínú Òjé

Ariwo tí Atẹ̀wé pa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ẹ̀rọ ló gé e lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ kọ́. Fóònù ni. Ó ṣí àpò orí fóònù tó ń tọ́jú kọ́ìnì rẹ̀ sí, kírípítò tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀, ó sì bá òdo níbẹ̀. Ó pa fóònù náà, ó tún un tàn. Òdo. Ó nu ojú ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, àfi bí ẹni pé ìdọ̀tí ló bo owó mọ́lẹ̀. Òdo náà ni.

Kí ẹ tó sọ pé ó tọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Owó ilé ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni bàbá Atẹ̀wé àti àbúrò ẹ̀ obìnrin háyà nígbà ayé ẹ̀: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nísàlẹ̀, ìyá wọn tó ti darúgbó ń gbé lókè. Onílé wá fẹ́ tà á. Ó ní àwọn ọmọ náà lòun á kọ́kọ́ fi lọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ajé yìí tóun ò rówó, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀. Onítọ̀hún ò fẹ́ gbé ibẹ̀. Ó fẹ́ wó o ni.

Wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá rán Ìyá Ìbéèrè sí wọn.

Obìnrin kúkúrú ni, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì. Kì í pariwo, kì í gbá ẹnikẹ́ni létí. Á kàn máa béèrè ọ̀rọ̀ títí tí irọ́ á fi rẹ ẹni tó ń pa á.

"Ta ló mọ kọ́kọ́rọ́ àpò yẹn?" ló kọ́kọ́ bi Atẹ̀wé.

"Èmi nìkan, Màmá. Ọ̀rọ̀ méjìlá ni. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ méjèèjìlá, tó sì kọ wọ́n sínú fóònù tiẹ̀, àpò máa ṣí fún un wàrà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́ sórí ìwé. Mi ò sì fi sínú fóònù."

"Orí ẹ lo wá kó o sí?"

Atẹ̀wé wolẹ̀. "Mo tò ó sínú òjé."

Ó mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni lẹ́tà òjé tí bàbá wọn fi ń tẹ̀wé kí kọ̀ǹpútà tó dé wà, nínú àpótí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Nígbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á tò ó di ọ̀rọ̀. Atẹ̀wé ti fi lẹ́tà tó kéré jù lọ to ọ̀rọ̀ méjìlá náà, ó fi òwú dì í, ó sì tì í sí orí pẹpẹ láàárín àwọn ògbólógbòó tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́.

"Òdì ni lẹ́tà òjé," ó ní, ó ṣì ń yangàn láàárín ẹkún. "Ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ò lè kà á. Èmi ni mo lè kà á bí ẹni ka ìwé."

Ìyá Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ òjé náà. Àwọ̀ eérú lásán ló rí. Ó fi fóònù ya á ní fọ́tò, ó fẹ ojú ẹ̀. Eérú náà ni.

"Kò lè hàn, Màmá, àfi tí ẹ bá fi yíǹkì pa á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé."

"Ìwọ ti tẹ̀ ẹ́ rí?"

"Láyé! Kí n fi ọwọ́ ara mi tú àṣírí ara mi?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fi ìka kan òjé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Eruku bò ó bí ìyẹ̀fun. Èyí tí Atẹ̀wé tò ń dán ní tiẹ̀. Ó gbé imú sún mọ́ ọn. Kẹrosíìnì. Ó yọ píìnì kan lára kọ́là aṣọ ẹ̀, ó tọ ihò lẹ́tà kan wò. Ẹnu píìnì náà jáde ní dúdú. Kò sọ fún Atẹ̀wé.

"Ta ló mọ̀ pé ó wà níbí?"

"Àbúrò mi obìnrin tó ń bá mi di ìwé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo tò ó. Àti... Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n wo?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́ìnì, tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ owó yìí. Mo fi òjé náà yangàn sí i díẹ̀."

"O káre. Àwọn méjèèjì mọ òjé kà?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n? Níbo! Àbúrò mi náà ò mọ̀ ọ́n. Bàbá wa, ọmọkùnrin nìkan ló kọ́ ní títò."

"Ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí wà ní títì lánàá?"

"Àwa kì í tì í. Ibẹ̀ ni Màmá ń gbà sọ̀ kalẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ẹni tó bá pàdánù owó ìdílé lè pariwo olè kí wọ́n má baà pariwo ẹ̀."

Ojú Atẹ̀wé pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Màmá, ìyá mi ló ń gbé lókè yẹn!"

"Mo gbọ́. Olè náà níyàá."

Ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwòrán kọ́ìnì aláwọ̀ wúrà kan gba gbogbo ògiri. Mọ́tò tuntun wà níwájú ìta, ọ̀rá ṣì wà lórí àwọn ìjókòó ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra ẹ̀ kò tó ẹni tó yẹ kí wọ́n máa pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ò ní àbàwọ́n kankan.

"Wúrà òde òní ni, Màmá," ó bẹ̀rẹ̀. "Ìjọba lè tẹ owó bó ṣe wù ú, kówó yín di bébà lásán. Kọ́ìnì yìí ní iye tí ò lè kọjá láyé. Ẹni tó bá ní sùúrù ló máa là."

"Ìwọ náà ní tìẹ?"

"Ó pọ̀ jọjọ!"

"Fi hàn mí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀. Ó wá fóònù nínú àpò ọ̀tún, ó wá a nínú tòsì, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì ló wà. "Mo... mo ti tà á, Màmá. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Òun ni mo fi ra mọ́tò."

"O ta tìẹ, o wá ń sọ fún Atẹ̀wé pé kó má ta tiẹ̀?"

"Ẹni tó ń ta agboòrùn kì í gbàdúrà kójò dá. Tí wọ́n bá rà, mo gba tèmi níbẹ̀. Tí gbogbo wọn bá jáde, kí ni màá jẹ?"

"Níbo lo wà lánàá?"

"Mo lọ kí Màmá wọn lókè, mo sì padà síbí."

"Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lo gbà?"

"Òun ló sún mọ́, Màmá. Mi ò wọ yàrá yẹn. Òjé ń ba aṣọ jẹ́."

"Ká ní o wọ̀ ọ́. Ká ní o fi yíǹkì pa òjé yẹn, o sì ti tẹ̀ ẹ́ tán. Kí lo máa wá fi òjé náà ṣe?"

"Kí ni màá tún fi ṣe? Màá jù ú síbẹ̀, kí n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ!" Bó ṣe sọ ọ́ tán ló káwọ́ bo ẹnu. "Àpẹẹrẹ ni mo ń sọ o!"

Ìyá Ìbéèrè rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yẹn. Òpùrọ́ gidi ni ọmọ yìí, ṣùgbọ́n irọ́ tiẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn.

Adìwé, àbúrò Atẹ̀wé, jókòó sídìí tábìlì gígùn, ó ń fi abẹ́rẹ́ gán ẹ̀yìn ìwé ọmọ iléèwé. Kò dìde. Ó kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Fóònù ẹ̀ wà lójú tábìlì, ó dojú ẹ̀ délẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ bá wa gbọ́. Ọṣẹ tó ń hó ni kọ́ìnì yẹn, mo ti sọ fún Bùọ̀dá mi tipẹ́. Ó máa ń kún abọ́, á máa dán yinrin. Ẹ bu omi sí i, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kò gbọ́ tìẹ?"

"Èmi? Ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ló tà tó fi rà á, ilẹ̀ téèyàn lè dúró lé! Ṣé ó bi mí? Kọ́ìnì náà wá ṣe bí eré, ó gòkè, ó tó owó ilé. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó tà á ká ra ilé fún Màmá. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé ó máa di ìlọ́po méjì. Láti ìgbà náà, ó ń sun orí fóònù, ó ń jí orí fóònù. Ìwé tí wọ́n ní ká tẹ̀ ń jókòó."

Fóònù ẹ̀ gbọ̀n jìn-ìn lórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ yẹ̀, ó gún un níka. Ó fi ìka sẹ́nu.

"Ìwọ, ṣé o máa ń wo iye tó ń lọ?"

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Nígbà tí bàbá yín wà láyé, iṣẹ́ wo ló fún ọ ṣe?"

"Fífọ̀." Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Àwọn ọkùnrin á tò, wọ́n á tẹ̀, èmi á fi kẹrosíìnì fọ̀. Bàbá ní yíǹkì tó bá gbẹ mọ́ òjé ti bà á jẹ́. Mi ò gbọdọ̀ jẹun kí n tó fọ̀ ọ́ tán."

Fóònù tún gbọ̀n. Kò gbé e. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ò wò ó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó di ọ̀sán, ó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí yàrá ẹ̀yìn. Kò sí àga. Wọ́n dúró.

"Ẹni tó kó kọ́ìnì yìí fi yíǹkì pa òjé, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Mo bá yíǹkì nínú ihò lẹ́tà. Kí nìdí tó fi tẹ̀ ẹ́? Nítorí kò lè fi ojú lásán kà á ni. Atẹ̀wé ò nílò yíǹkì. Ká ní òun ni, á kàn dúró síbí, á kà á, á máa lọ."

Atẹ̀wé mí kanlẹ̀.

"Ó ku ẹni méjì tí ò mọ òjé kà. Olè wa tẹ̀ ẹ́ tán, ó wá ṣe ohun kan tí olè kì í ṣe. Ó fọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ bo àṣírí ni, ì bá bu eruku lé e padà. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì gbé e padà. Mo bi Ọ̀jọ̀gbọ́n ohun tóun ì bá ṣe. Ó ní òun á jù ú síbẹ̀. Irọ́ pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí jáde kó tó ronú."

"Ẹ ṣé, Màmá," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Panu mọ́. Ẹnì kan ló kù tó mọ òjé fọ̀, tí wọn ò sì kọ́ ní kíkà."

Gbogbo ojú yí sí Adìwé. Kò jiyàn. Omijé ti ń bọ́.

"Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń fọ̀ ọ́," ó ní. "Nígbà tí mo máa fi mọ̀, mo ti ń nu ọwọ́."

"Àbúrò mi!" Atẹ̀wé pariwo. "Ìwọ lo jà mí lólè?"

"Olè ta ni? Ilẹ̀ ta lẹ tà? Bàbá ò jẹ́ kí n to lẹ́tà, ẹ̀yin náà ò jẹ́ kí n dá sí owó. Fífọ̀ nìkan lẹ mọ̀ mí mọ́! Mo fẹ́ tà á lánàá kí n lọ san owó ilé. Mo fẹ́ kí ẹ jí láàárọ̀ yìí kí ẹ bá ìwé ilé lórí tábìlì."

"O wá san án?" ni Ìyá Ìbéèrè béèrè.

Adìwé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé.

"Mo ní, o san án?"

"Ó wà níbí." Ó fa fóònù yọ. Atẹ̀wé fò sókè, ó ń dúpẹ́, ó fẹ́ẹ̀ dì mọ́ ọn. Adìwé tì í kúrò. "Ẹ má dúpẹ́ o, Bùọ̀dá mi. Mo ti gbé ìka lé e láti tà á. Mo wá rí i pé ó ń gòkè, lójú mi kòrókòró. Mo ní kí n dúró díẹ̀ sí i, kó lè kún owó òrùlé tó ń jò sórí Màmá. Ó tún gòkè. Mo ní díẹ̀ sí i. Mo sùn lọ." Ohùn ẹ̀ fọ́. "Nígbà tí mo jí, ó ti já sí ìdajì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bọ́ síta.

Ìyá Ìbéèrè ti rí olè lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n èyí dùn ún. Ó yíjú sí Atẹ̀wé. "Ọ̀rọ̀ dọwọ́ rẹ. Ṣé kí n mú un lọ sí àgọ́?"

"Ẹ mú ta ni?" Atẹ̀wé ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ti sún mọ́ àbúrò ẹ̀, ó ń yọjú wo fóònù náà láti èjìká ẹ̀. "Wò ó, má tà á o. Ó ti fẹ́ yí padà. Wo ibẹ̀ yẹn, ó gbé díẹ̀."

"Mo rí i," ni Adìwé wí, ó ń nu imú. "Tá a bá ní sùúrù títí di ìrọ̀lẹ́..."

"Àní sùúrù díẹ̀!"

Ohùn onílé ń dún níwájú ilé, ó ń kí ẹnì kan káàbọ̀, ó ń sọ fún un pé kó wo bí ògiri ṣe nípọn tó. Ìyá wọn ti gbọ́ ọ lókè. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ilé ti di tiwa?"

Àwọn ọmọ ò gbójú kúrò lórí fóònù. Ó wo ojú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó wo ẹ̀yìn àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì.

"Ó dáa," ó ní. "Èwo nínú yín ló máa bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀ kalẹ̀?"

"Màmá, ẹ dúró díẹ̀, ó ń gòkè," ni Atẹ̀wé wí.

Ìyá Ìbéèrè ká ọwọ́ aṣọ ẹ̀ sókè. Ó di ìyá arúgbó náà lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ gun àtẹ̀gùn lọ.