Àwọn Òkúta tí Babáṣọlá Dojú Wọn Dé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹni kì í kọjá ara ẹni, sọ ìtàn Babáṣọlá fún un.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, aláṣọ ni ní Onitsha, ilé rẹ̀ sì wà ní àdúgbò Woliwo. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọjà rẹ̀ ń tà, àmọ́ kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ońdè mẹ́ta ló sán mọ́ ìdí: ọ̀kan fún ọ̀tá, ọ̀kan fún ìbọn, ọ̀kan kí ojú má lè rí i nígbà ewu. Ó ní ẹni tó bá ní irú èyí lára, kí ló fẹ́ fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣe?

Olúyẹmí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, onígbàgbọ́ tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà. Lẹ́yìn ìlú, òkè kan wà tí ìjọ Olúyẹmí máa ń gùn lọ gbàdúrà. Ọ̀nà ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣìnà níbẹ̀. Olúyẹmí ti to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ténté, ó sì fi ẹfun kun ojú wọn. Oṣooṣù ló máa ń gbé korobá ẹfun lọ tún wọn kùn. Ibi tó ṣe kókó jù ni oríta tó wà lágbedeméjì òkè. Ọ̀tún ń lọ sórí òkè. Òsì ń lọ sétí ọ̀gbun kan tí àgbàrá gbẹ́, tó jìn débi pé ẹni tó bá fẹ́ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ di igi mú.

Ọdún méje ni Olúyẹmí fi bẹ Babáṣọlá pé kó bá òun gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan péré. Babáṣọlá á ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí wọ́n bá òun kí Jésù. Àwọn ará ọjà á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òmùgọ̀!

Ogun abẹ́lé dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti padà sílé, Babáṣọlá náà sì ti fi Abíọ́nà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ránṣẹ́ sí ìyá-àgbà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní òun ò lè fi aṣọ òun sílẹ̀. Adéfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀, Olúyẹmí náà kò sì lè fi àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1967, ọta àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í ré kọjá Odò Ọya wá sáàrin ìlú. Ilé ń wó, èèyàn ń kú. Olúyẹmí ní kí àwọn gba ọ̀nà òkè bọ́ sí abúlé tó wà ní ìhà kejì. Ẹsẹ̀ Adéfúnkẹ́ wú, kò lè yára. Ni Babáṣọlá bá di ẹrù aṣọ, ó gbé e rù, ó ní òun ń lọ fi í pamọ́ sórí òkè, kí Olúyẹmí máa mú ìyàwó òun bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ṣé o gbọ́? Ó gbé aṣọ, ó fi ìyàwó sílẹ̀.

Kò tíì gùn ún jìnnà tó fi gbọ́ ìró ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù. Nígbà náà, gbogbo ayé ló gbà pé ohun funfun ló ń fa ọkọ̀ òfuurufú mọ́ra. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo páànù ilé, ẹnikẹ́ni kì í sá aṣọ funfun síta. Babáṣọlá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, òkúta Olúyẹmí funfun báláú. Ó di ońdè rẹ̀ mú, ó pe ọfọ̀ tó mọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù ò kúrò lára rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dojú wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé oríta, ó dojú ti ibẹ̀ náà dé. Ó dé orí òkè, ó kó wọ abẹ́ àpáta, ó mí kanlẹ̀. Kò rántí pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn òun.

Òjò ńlá rọ̀. Nígbà tó dá, ó gbọ́ igbe Adéfúnkẹ́ nísàlẹ̀. Ó sáré lọ, ó bá a létí ọ̀gbun níbi tó jókòó sí nínú ẹrẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn wá òkúta funfun tì, òjò ò sì jẹ́ kí àwọn ríran. Olúyẹmí ní kí òun dúró, kí òun Olúyẹmí kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ wò. Ilẹ̀ ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Babáṣọlá di gbòǹgbò mú, ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn Olúyẹmí ti dá, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo wá òkúta mi," ni Olúyẹmí wí. "Mi ò rí wọn."

Babáṣọlá ì bá purọ́. Ta ló rí i? Ṣùgbọ́n irọ́ náà kọ̀, kò jáde.

"Èmi ni mo dojú wọn dé," ó ní. "Ẹ̀rù ló bà mí. Èmi ni mo pa ọ́."

Olúyẹmí ní, "Mo dárí jì ọ́. Wọ́n ti dárí ji èmi náà rí. Ké pe Jésù, ọ̀rẹ́ mi, kò ní lé ọ. Kí o sì lọ yí àwọn òkúta yẹn padà. Èèyàn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹ̀mí bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Babáṣọlá sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó já ońdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jù wọ́n sínú ẹrẹ̀. Kò mọ àdúrà kankan. "Jésù, apànìyàn ni mí, gbà mí," ni gbogbo ohun tó rí sọ, ó sì ń tún un sọ bó ṣe ń gun ọ̀gbun náà jáde, tó sì ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sábẹ́ àpáta. Ó tú ẹrù aṣọ náà. Èyí tó dára jù níbẹ̀ ló gbé padà sọ̀ sínú ọ̀gbun lọ fi di òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ń yí àwọn òkúta padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìyókù nu ẹrẹ̀ kúrò lójú wọn, lórí ìkúnlẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú tún kọjá. Kò sá.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè pẹ̀lú ẹrù lórí. Nígbà tí wọ́n dé oríta, wọ́n rí funfun, wọ́n yà sọ́tùn-ún. Ìyá àgbàlagbà kan láti àdúgbò Awada dúró dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè Ìbò. Babáṣọlá tẹrí ba, ó ń nu òkúta lọ.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, o lè ní o ò pa ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń wò ọ́ nídìí ọtí ńkọ́? Ìyàwó tí ò lè lọ ilé Ọlọ́run nítorí ìbínú rẹ ńkọ́? Òògùn ìdí rẹ kò lè fi ọ́ pamọ́ fún Ẹni tó dá ojú. Ṣùgbọ́n gbọ́: Ẹnìkan ti ṣíwájú rẹ sọ̀ sínú ọ̀gbun, kí ìwọ má baà bọ́ síbẹ̀. Ó kú, ó jíǹde, ó sì ń dárí jini.

Ọdún méje ni wọ́n fi bẹ Babáṣọlá. Mélòó ni wọ́n ti fi bẹ ìwọ? Má dúró kí òjò dé. Kúnlẹ̀ lónìí, níbi tí o wà yìí, kí o sọ òtítọ́ fún Jésù. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ yí òkúta rẹ padà. Èèyàn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.