Ẹni Tó Gbọ́ Súfèé Tí Kò Dáhùn

Ọkùnrin kan ń gbé ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo, Béjidé lorúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa, àmọ́ ìgbéyàwó àti ìsìnkú nìkan ló ń gbé e débẹ̀.

Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọdẹ àgbọ̀nrín. Ó ra ìbọn, ó gbàwé àṣẹ, ó ra bùùtù tuntun. Kò fẹ́ dá nìkan wọgbó, ló bá bẹ Ọdúntán, kápẹ́ńtà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, pé kó bá òun lọ. Ẹ fiyè sí i o, òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ.

Onígbàgbọ́ ni Ọdúntán. Ó ti bá Béjidé sọ̀rọ̀ Jésù rí níbi tó ti ń tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe, Béjidé sì ní kó fojú sí ìṣó tó ń kàn.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n á gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí abúlé Bàbá Adédìran, àgbà ọdẹ. Bàbá kọ́ wọn bí a ṣe ń mọ ojú ẹsẹ̀ ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, àti bí a ṣe ń kọjú sí atẹ́gùn kí ẹran má baà gbóòórùn ẹni. Àmọ́ òfin kan ló fi ṣe olórí: kó o tó yìnbọn, súfèé lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, á sú tirẹ̀ padà.

Bàbá ní, "Ẹni tó bá gbọ́ súfèé tí kò dáhùn, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹran."

Ní oṣù kẹta, Ọdúntán fi ògbólógbòó ìbọn tí Bàbá yá a pa àgbọ̀nrín. Béjidé kò tíì pa nǹkan kan. Bàbá fún Ọdúntán ní ìwo ẹran náà, Ọdúntán sì gbé e kọ́ sókè ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ó gbé odindi itan kan wá fún Béjidé. Ẹ̀bùnọlá, ìyàwó Béjidé, sè é, òórùn ọbẹ̀ gba gbogbo ilé kan, ọkọ rẹ̀ ní inú ń run òun. Inú ń run ún lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí oògùn ń wò.

Ìlara ni. Ìgbà tó gbọ́ tí wọ́n ń pe Ọdúntán ní "Ọdẹ" ní Ọjà Ọba ló wá burú. Ṣé kápẹ́ńtà yìí, tí òun mú dání, ló wá di ọdẹ lójú òun?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá pín wọn sí apá méjì oko kòkó àtijọ́ kan. Béjidé rí ojú ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tọ̀ ọ́ lọ lábẹ́ ewé, ló bá gbọ́ súfèé Ọdúntán níwájú. Bó bá dáhùn, Ọdúntán á mọ̀ pé ẹran wà níbẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́. Ọdúntán tún súfèé. Ó sú ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Béjidé fi eyín di ètè mú.

Ìbọn dún.

Wọ́n ní ikú tí ì bá pani, bó bá ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́. Ọta ìbọn ṣí fìlà Béjidé, méjì sì wọ̀ ọ́ lápá. Ọdúntán pọ̀n ọ́n dé títì pẹ̀lú ẹkún, ó sì gbé e dé ọsibítù ní Iléṣà.

Bàbá Adédìran wá bá wọn níbẹ̀, ó bi Ọdúntán bóyá ó súfèé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bàbá wá kọjú sí Béjidé.

"N kò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá."

Bàbá gba ẹni tó fara gbọta gbọ́. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ Ọdúntán, ó ní kó má ṣe wọ igbó òun mọ́. Béjidé ti borí. Kí ló wá dé tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹta, Ọdúntán gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ó tún fi ìwé ìròyìn di nǹkan kan dání: ìwo àgbọ̀nrín náà ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á. Ẹ dárí jì mí. Bóyá súfèé mi ni kò dún dáadáa."

Ojú ti Béjidé dé egungun. Ó ní, "Mo gbọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo gbọ́. Ìlara rẹ tí mo ń ṣe ni kò jẹ́ kí n dáhùn."

Ọdúntán dìde, ó lọ dúró létí fèrèsé, inú bí i gidigidi. Ó pẹ́ kó tó padà wá jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí. Àmọ́ mo dárí jì yín, torí Jésù ti dárí jì mí. Òun náà ti ń pè yín tipẹ́, ẹ sì ń gbọ́. Ṣé ẹ ò ní dáhùn ni?"

Béjidé bú sẹ́kún. Ó ní, "Olúwa, mo gbọ́. Èmi rèé, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbà mí."

Lójú ẹsẹ̀, ó pe Bàbá Adédìran lórí fóònù, ó jẹ́wọ́. Nígbà tó dé Òṣogbo, òun ló gun àkàbà, tó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tí kò fara gbọta gbé ìwo náà padà sókè ilẹ̀kùn Ọdúntán. Kápẹ́ńtà ló di àkàbà mú.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, oríire ta ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ? Má sọ pé o kò gbọ́ ìpè Jésù. O gbọ́ ọ níbi òkú ọ̀rẹ́ rẹ, o gbọ́ ọ lórí àìsàn, o sì tún ń gbọ́ ọ báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òfin Bàbá wí, àánú ló mú Ọdúntán sú ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. N kò mọ ẹlẹ́ẹ̀kelòó ni èyí jẹ́ fún ọ.

Dáhùn lónìí.