Iná Tí Àrá Fi Téèpù Bò

Kò sẹ́ni tí kì í mọ ìgbà tí onígbàjámọ̀ àdúgbò yìí bá ń jáde nílé. Bó bá ti ṣíná sí ọkọ̀ rẹ̀ báyìí, gbàùùù! Ajá á gbó, ọmọdé á ta jí, gíláàsì ojú fèrèsé á máa gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Àrá. Orúkọ náà sì wù ú, kò fi bò rárá.

Ọkọ̀ eré sísá ni, ó pupa fòò, ìlẹ̀kùn méjì péré ló ní. Ṣùgbọ́n kì í ké bẹ́ẹ̀ nígbà tó rà á. Ohùn rẹ̀ ò dùn mọ́ Àrá nínú tó, ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀, àgbàlagbà kan tó ti ń bá a tún ọkọ̀ ṣe tipẹ́. Ó ní kó yọ sàléńsà, kó fi èyí tó ń bú ramúramù rọ́pò rẹ̀.

Mẹkáníìkì wo abẹ́ ọkọ̀, ó mirí.

"Àbúrò, gbọ́ ná. Àpótí irin tó wà láàárín páìpù yìí, òun ló ń pa oró inú èéfín kó tó jáde. Sẹ́ńsọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló ń tọ́ èéfín wò, tó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì bí epo ṣe ń jó. Bó o bá fẹ́ pààrọ̀ sàléńsà, kò burú, àmọ́ ra èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yìí, tó ní àpótí, tó sì ní ojú ihò tí sẹ́ńsọ̀ máa wọ̀."

"Ṣé ìyẹn á ké dáadáa?"

"Á ké díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀? Ọ̀gá, ṣé ọkọ̀ òkú ni mo gbé wá ni?" Àrá rẹ́rìn-ín, ó wọ ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan tó ń jó géètì lẹ́bàá ọ̀nà ló gbà lọ. Wẹ́dà ò bi í ní nǹkan kan. Ó gé àpótí irin dànù, ó jó páìpù tuntun mọ́ ibẹ̀. Nígbà tó kan sẹ́ńsọ̀, kò sí ihò tó máa wọ̀. Wẹ́dà fa wáyà rẹ̀ wìì, róbà tó dí ibi tí wáyà ti kọjá nínú ilẹ̀ ọkọ̀ sì já bọ́. Ó fi okùn irin so sẹ́ńsọ̀ rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń mì dìrọ̀dìrọ̀ bíi yẹtí. Róbà tó já bọ́, kò sẹ́ni tó wá a.

Ìyá Àrá ló kọ́kọ́ rí iná kékeré kan tó ń tàn lẹ́yìn sítíárì ọkọ̀ náà. Aránṣọ ni ìyá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ohun tó bá wọ́ kì í fara pa mọ́ fún un. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Àrá ń gbé e lọ kí àbúrò tí ìyá náà ní ní òdìkejì ìlú. Bó bá ti jókòó, á gbá ọmọ rẹ̀ léjìká, á ní: "Dẹ́rẹ́bà mi, ó yá o, àbí kí n máa fẹsẹ̀ rìn?" Tìyá tọmọ á jọ bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ náà, kò tíì gbá a léjìká tó fi bi í pé: "Iná wo ló ń tàn níwájú rẹ yìí?"

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Sẹ́ńsọ̀ ni. Aláròyé ni."

"Ẹni tó bá ń ròyìn, ó rí nǹkan ni o."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n pa á lẹ́nu mọ́." Àrá fa téèpù dúdú yọ, ó já a, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná náà. "Ṣẹ́ ẹ rí i? Ó ti dákẹ́."

Ìyá ní "Hùn-ún." Ó fọkàn tán ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ìyá bá ti wọ ọkọ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Èébì á máa gbé e, oorun á máa kùn ún. Bó bá dé ilé àbúrò rẹ̀, tó jókòó síta díẹ̀, ara á tún yá.

"Ọkọ̀ rẹ yìí ò bá mi lára mu," ó sọ bẹ́ẹ̀ títí.

"Ariwo ẹ̀ ni ò bá yín lára mu, Màmá." Orí ń fọ́ Àrá fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ní iṣẹ́ ló pọ̀. Kì í sì í ṣí fèrèsé, torí ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ atẹ́gùn sára. Ó fẹ́ràn ìyá yẹn, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, òjò ń rọ̀. Wọ́n ń bọ̀ láti ilé àbúrò ìyá, Àrá sì yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kẹ̀yìn ọkọ̀ sí ògiri. Oníbàárà kan ti ń dúró dè é. Ìyá ti sùn lọ fọnfọn. Àánú ò jẹ́ kó jí i. Kò pa ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ lè móoru, ó ti fèrèsé pa, ó rọra pa ìlẹ̀kùn dé.

"Àrá! Ọkọ̀ yín yìí ń kùn bíi kìnnìún!" ni oníbàárà wí.

Ó tán. Orí wú. Àrá ò fá orí mọ́, ìtàn ọkọ̀ ló ń sọ. Nígbà tó fi máa padà síbẹ̀, orí ìyá rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò dáhùn. "Màmá? Màmá! Yéè, ẹ gbà mí o!"

Nílé ìwòsàn, dókítà bi í bóyá wọ́n tún sàléńsà ọkọ̀ náà ṣe láìpẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n mi ò gbóòórùn èéfín kankan."

"Oró tó burú jù nínú èéfín, kì í rùn, ẹ ò sì lè fojú rí i. Ńṣe ló máa ń gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń kú lọ, èèyàn á rò pé oorun ló ń sùn." Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá máa yè é. Àmọ́ ọpọlọ ti fara gbá a. Mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á rí bí wọ́n ṣe wà."

Mẹkáníìkì wá wo ọkọ̀. Ó fi tọ́ọ̀ṣì han Àrá pé ibi tí wẹ́dà jó ti là, èéfín ń tibẹ̀ jáde, ó ń gba ihò róbà wọlé sábẹ́ ìjókòó ìyá.

"Sẹ́ńsọ̀ tẹ́ ẹ sọ ńkọ́?" Àrá béèrè. "Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Sẹ́ńsọ̀ kì í ṣọ́ inú ọkọ̀, àbúrò. Èéfín inú páìpù ló ń ṣọ́. Ohun tí iná ẹ̀ ń sọ ni pé nǹkan ti bà jẹ́ nídìí sàléńsà. Ká ní o gbé e wá nígbà tó tàn ni, mi ò bá ti rí ihò yìí."

Kò bá a wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn gan-an ló dun Àrá jù. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ìyá mi rí i," ló ń sọ ṣáá. "Ó rí i, ó sì sọ fún mi."

Wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe báyìí: àpótí wà níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ wà láyè rẹ̀, róbà ti dí ihò. Kò sẹ́ni tó ń mọ ìgbà tí Àrá ń jáde mọ́. Ó ṣì ń gbé ìyá rẹ̀ lọ kí àbúrò rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fèrèsé á wà ní ṣíṣí díẹ̀. Ìyá mọ àbúrò rẹ̀, wọ́n sì jọ ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbà èwe. Nígbà tí wọ́n bá padà délé, ìyá á rọra sọ̀kalẹ̀, á kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Àrá.

"Ẹ ṣeun o, dẹ́rẹ́bà. Ọmọ tèmi náà ní ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i."

"Màá jíṣẹ́, Màmá," ni Àrá máa ń wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ tó ń bú, a ò ní kẹ́ ẹ má fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé àpótí tó ń pa oró èéfín dànù, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n so sẹ́ńsọ̀ rọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ fún, kó yẹ abẹ́ ẹ̀ wò dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́. Bí orí bá ń fọ́ yín nínú ọkọ̀, tó sì ń lọ bẹ́ ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí: ẹ bọ́ síta, ẹ gba afẹ́fẹ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn, ẹ má sì tún wọ̀ ọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹ má fi ẹni tó ń sùn sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àgàgà nítòsí ògiri tàbí nínú gáréèjì.

Téèpù ò tún ọkọ̀ ṣe rí. Bí ìyá rẹ bá sì bi ọ́ pé iná wo ló ń tàn, dá a lóhùn dáadáa. Ó lè má bi ọ́ mọ́.