Bọ́ọ̀lù Ọwọ́ Sìmbíátù

Bọ́ọ̀lù ni Tájù kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọmọge. Ọdún tí ọ̀nà ọlọ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ajah ni, Tájù sì wà lára àwọn dẹ́rẹ́bà típà tó ń kó òkúta wá fún kọ́ńpìnì tó ń ṣe ọ̀nà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń bọ̀ lórí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ọ̀dà sí, ló bá rí bọ́ọ̀lù pupa kan tó ń fò sókè, tó ń balẹ̀, láàárín títì gan-an. Ó tẹ fèrè ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù kò yẹra. Ẹni tó ni ín náà kò yẹra.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé o fẹ́ kú ni?"

Ọmọbìnrin náà yíjú sí i. Ó dúdú, ó wé ìborùn mọ́rí, bàtà kánfáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti já débi tí ọmọ-ìka fi yọjú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, kò sì wo bọ́ọ̀lù ọ̀hún rárá. Ojú Tájù ló ń wò.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ má bínú. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ wa, bọ́ọ̀lù kì í fò lórí iyanrìn. Orí sìmẹ́ńtì tí ìyá mi ń sá àgbọn sí nìkan ni mo ti ń lù ú látọjọ́ yìí. Òní ni mo kọ́kọ́ rí ibi tó fẹ̀."

"Ọ̀dà yìí ò tíì le dáadáa."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n lò ó díẹ̀ sí i."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Tájù. Ọmọ Mùṣín ni, kì í ṣe pé kò mọ básíkẹ́tì. Fàúsátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, ń gbá a fún ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Tájù ló máa ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó gbà pé òun mọ nǹkan. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, o máa lọ sílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí n ò bá rí i gbà ńkọ́?"

"Ẹ ó fi ọkọ̀ yín dúró títí tí n ó fi ṣe tán."

Tájù na ọwọ́. Bọ́ọ̀lù ti bọ́ sí ọwọ́ òsì. Ó na ọwọ́ sí òsì. Ọmọge náà ti fi èjìká sáàárín òun àti bọ́ọ̀lù, bí ìyá tó ń fi ara bo ọmọ lójú òjò. Tájù bínú díẹ̀, ó rọ́ lù ú. Ọmọge náà kàn fà sẹ́yìn, àyè ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, kí Tájù sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Òógùn bo Tájù. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ti ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ lójú ara rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní gbogbo eléyìí?"

"Tíṣà Dúró, ní ilé-ìwé wa, ló ní kí n má máa wo bọ́ọ̀lù. Èyí tó kù, sìmẹ́ńtì ló kọ́ mi. Kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Tí bọ́ọ̀lù bá fi lè yẹ̀ sí iyanrìn báyìí, ó tán."

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Sìmbíátù. Ọmọ Bàbá Yẹ̀kínì apẹja."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, típà dúró sójú kan títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀gá Tájù bú u dáadáa lọ́jọ́ kejì, kò sì dùn ún.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Tájù bá ti já òkúta tán, orí ọ̀dà ni yóò gbà lọ láti lọ wá bọ́ọ̀lù tí kò lè rí gbà. Kò rí i gbà lọ́sẹ̀ yẹn, kò rí i gbà lóṣù yẹn, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i ni. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n fún un ní ọ̀dà tó ṣẹ́ kù, ó fi bá Tíṣà Dúró tẹ́ pápá sí ẹ̀yìn ilé-ìwé, kí Sìmbíátù àti àwọn ọmọge Ajah tó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú rẹ̀ lè kúrò lójú títì. Sìmbíátù fi "sà" sílẹ̀, ó ń pè é ní Bùrọ̀dá Tájù. Òun náà ń pe Sìmbíátù ní Àṣàkẹ́, oríkì tí ìyá rẹ̀ nìkan ń pè é tẹ́lẹ̀.

"Àṣàkẹ́ mi, màá fẹ́ ọ."

"Ẹ lọ sọ fún bàbá mi."

Bàbá Yẹ̀kínì kò kọ Tájù. Ọmọ Mùsùlùmí ni, ó ń ṣiṣẹ́, ó mọ ènìyàn í kí. Ṣòkòtò péńpé tí ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ lójú ayé ló ń bí i nínú, ó sì ń retí ọjọ́ tí yóò lọ sílé ọkọ kí eré náà lè dópin. Ohun tó ní kí Tájù ṣe ni pé kó mú àwọn ará ilé rẹ̀ wá.

Ará ilé Tájù, ta ni bí kò ṣe Fàúsátù? Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló rán an nílé-ìwé, kò sì sí ohun tí Tájù lè ṣe láyé yìí bí Fàúsátù bá ní rárá.

"Ẹni tí n ò tíì fojú ara mi rí, a kì í mú un wọlé wa," Fàúsátù wí. "Ṣé o ní ó ń gbá básíkẹ́tì? Ó dáa. Àwa náà la fẹ́ wá bá wọn gbá a ní Ajah."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìdíje ife ẹ̀yẹ kan ló pa ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Fàúsátù nígbà náà, Géètì ni wọ́n ń pè é ní gbogbo pápá Èkó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kojú ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú fún ẹgbẹ́ kejì, kó fún mọ́ ọn, kó há a mọ́ ìlà, kó má jẹ́ kó mí. Ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún Ajah sì ni Sìmbíátù.

Oorun kò kun Tájù mọ́. Nígbà tí ó ku ọ̀la, ó lọ bá àyànfẹ́ rẹ̀ ní etí ọ̀sà, níbi tó ti ń bá bàbá rẹ̀ tún àwọ̀n ṣe.

"Àṣàkẹ́ mi, jọ̀ọ́. Ìyá ọkọ rẹ ni ẹni tí o fẹ́ kò lọ́la. Fọ̀wọ̀ wọ̀ wọ́n."

"Lórí pápá náà?"

"Níbi gbogbo. Ìfẹ́ wa wà lọ́wọ́ wọn."

Sìmbíátù ta kókó kan sójú àwọ̀n.

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó yẹ kí "sà" yẹn ta sí Tájù létí. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo Ajah tú sí ẹ̀yìn ilé-ìwé. Àwọn apẹja wá, àwọn aláàgbọn wá, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà jókòó sórí àgbá ọ̀dà. Rẹfirí fun fèrè, Sìmbíátù gba bọ́ọ̀lù, Fàúsátù sì kò ó lójú: ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà sílẹ̀ gbagada.

Sìmbíátù wo ilẹ̀. Háà, Sìmbíátù wo ilẹ̀! Ọmọ tí kì í wo bọ́ọ̀lù wá ń wo ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó sún díẹ̀, èjìká rẹ̀ kan Fàúsátù láyà, kí ẹnikẹ́ni sì tó mọ̀, ó ti fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú mà!"

Bọ́ọ̀lù yí lọ. Fàúsátù gbé e, ó lọ jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Tíṣà Dúró ká ọwọ́ lérí.

Kò tán síbẹ̀. Bí Fàúsátù bá ti sún mọ́ ọn, Sìmbíátù á yà fún un bí ẹni ń yà fún àgbà lójú ọ̀nà. Ó di bọ́ọ̀lù mú, ó ń wá ẹni tí yóò jù ú sí, wọ́n sì ń já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú mú Tájù. Kò tijú nítorí Sìmbíátù, ara rẹ̀ ló ń tì í lójú. Ohun tí òun fẹ́ràn jù lọ lára ọmọ yìí ni òun ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílé.

Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, Fàúsátù wá mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pòṣé.

"Tájù, ṣé eléyìí lo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti Ajah dé Mùṣín? Ẹ̀rù nìkan ni mo rí."

Tájù dìde. Ó gba àárín pápá kọjá lójú gbogbo èrò, ó lọ bá Sìmbíátù.

"Mo gba ọ̀rọ̀ mi àná padà. Gbá a bí o ṣe ń gbá a fún èmi."

"Bí wọ́n bá wá ní àwọn ò fẹ́ mi mọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rù ba Tájù gidi, kò sì fi pa mọ́. "N ò mọ ohun tí a ó ṣe. Ṣùgbọ́n ìwọ tí mo rí lórí ọ̀dà ni mo fẹ́, kì í ṣe eléyìí."

Sìmbíátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ lọ jókòó, Bùrọ̀dá Tájù."

Fèrè dún. Sìmbíátù gbé ojú sókè, ó sì wo Fàúsátù láàárín ojú. Obìnrin kan lẹ́yìn Tájù ní, "Yéè, ọmọ yìí!"

Fàúsátù fún mọ́ ọn. Sìmbíátù rẹ ara sílẹ̀, bọ́ọ̀lù ń fò ní kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀, èjìká kejì sì wà lójú ọ̀nà Géètì. Fàúsátù na ọwọ́, bọ́ọ̀lù ti lọ sí òdìkejì. Ohun tó ya Tájù lẹ́nu jù ni pé Sìmbíátù kò sáré. Wọ́n ń lé e, kò sáré. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbatẹ́gùn, títí Fàúsátù fi dẹ ọwọ́ díẹ̀. Ìgbà yẹn ló fò fẹ̀rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èrò pariwo. Ó tún ṣe é. Ó tún ṣe òmíràn tí kò jọ ti àkọ́kọ́. Bó ṣe ń lu bọ́ọ̀lù tó, ojú rẹ̀ ń rí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí wọn níbi tí wọ́n ò tíì dé.

Àmì wá dọ́gba. Àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fàúsátù pe ẹnì kejì mọ́ra, àwọn méjèèjì sì lé Sìmbíátù lọ sí igun, níbi tí ìlà ti gé pápá. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń di bọ́ọ̀lù mú, tí wọ́n á sì há. Sìmbíátù kò dì í mú. Ó fà sẹ́yìn, àwọn méjèèjì tẹ̀ lé e, ọ̀kan yá ju èkejì lọ, àlàfo kékeré sì là láàárín wọn. Ó rọ bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Fàúsátù yí padà, orúnkún rẹ̀ kọ̀, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Lọ́wọ́ iwájú, ẹni tó ń ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ sáré wá pàdé Sìmbíátù. Bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wà lọ́wọ́ Sìdíkàt ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó sì wọlé.

Ajah dàrú. Tájù nìkan ni kò pariwo. Ó ti rí òkun nígbà tó bínú ní Lẹ́kkí, ó ti rí ẹ̀rọ ńlá tó ń wó igi àgbọn lulẹ̀, kò sì tíì rí ohun tó mú ọkàn rẹ̀ pa rọ́rọ́ báyìí. Ó ń wo ọmọ tó fẹ́ fẹ́, ó ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé èmi ni mo fẹ́ máa gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú èyí?

Sìmbíátù sáré padà, ó kúnlẹ̀ níwájú Fàúsátù. Fàúsátù wò ó, ó wò ó. Ó gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n yí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó dá dìde, ó tiro lọ sínú bọ́ọ̀sì wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò wo Tájù.

"Mo ti ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́," Sìmbíátù wí, ẹkún sì gbà á.

"O ò ba nǹkan kan jẹ́, olólùfẹ́ mi," Tájù wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára bọ́ọ̀sì náà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ ló tó lè lọ sí Mùṣín. Ó bá Fàúsátù tó fi aṣọ gbígbóná sórí orúnkún. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde.

"Dìde, lọ pe Bàbá Àkànbí wá." Àbúrò bàbá wọn ni Bàbá Àkànbí. "Lọ́jọ́ Sátidé, Ajah la ń lọ."

"Ẹ gbà, Àǹtí mi?"

"Má bi mí ní ìbéèrè òmùgọ̀."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Títí wọ́n fi dé ilé Bàbá Yẹ̀kínì, Tájù kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bàbá Yẹ̀kínì gbà wọ́n dáadáa. Ó bu omi fún wọn, ó kí Bàbá Àkànbí, ó wá tún ara ṣe.

"Mo ti fún yín lọ́mọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bá mi gba bọ́ọ̀lù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti sú mi."

Bàbá Àkànbí ti fẹ́ ní kò burú. Fàúsátù ló sọ̀rọ̀ lórí ẹní àwọn obìnrin.

"Bàbá, ẹ dákun. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lójú gbogbo Ajah. Kò ṣeé gbà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì yára dákẹ́.

"Ó dáa," ni Bàbá Yẹ̀kínì wí. "Bó bá wá bímọ ńkọ́? Ṣé ọmọ ni yóò pọ̀n tí yóò máa sá kiri pápá?"

"Èmi ni n ó pọ̀n ọ́n, sà. Orúnkún mi ti fi pápá sílẹ̀, ẹ̀yìn mi ò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ibikíbi tó bá ti ń gbá a, ẹ̀gbẹ́ ìlà ni ẹ ó ti máa bá èmi àti ọmọ."

Sìmbíátù, tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Bàbá Yẹ̀kínì wo ọmọ rẹ̀, ó wo obìnrin tó tiro wọ ilé rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ka Fátíhà," ó wí.

Wọ́n kà á. Nígbà tí wọ́n ṣàmín tán, Tájù tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò sẹ́ni tó ní kó dọ̀bálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè sọ èwo nínú àwọn obìnrin méjèèjì ni òun dọ̀bálẹ̀ fún.