Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Wa Kíni

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Aṣọ́jò tó ń kéde òjò ti fọ́n ká tán, tí ẹlòmíràn ń ti yàrá rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì ṣiṣẹ́, tí Àjàdí, ọ̀kan lára wọn, sì dá wà lórí òṣùpá, tó ń wo bí ìkúukùu ayé ṣe ń rìn, wàhálà kan ṣoṣo ló kù: kò sí bí Yorùbá ṣe lè ṣe é kí wọ́n má kíra wọn. Ohùn tó ń ti òṣùpá bọ̀ sì máa ń já ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kó tó dún gaara. Ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣòfò sọ́nà.

Ọ̀mọ̀wé Ládélé ló wá ṣe Akíni. Ẹ̀rọ yìí á fi ohùn rẹ kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún, á sì máa dá a lóhùn títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dúró dáadáa. Ìgbà náà ni ìwọ gan-an á wá wọlé, ó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹni tí o pè ò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ká má parọ́, ohun tó dáa ni lójú ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tí kì í kíni tán.

Màmá Ọlátóún nìkan ni kò fara mọ́ ọn. Ogójì ọdún ló ti ń so ìpè pọ̀ nílé-iṣẹ́ náà.

"Ládélé, ọkàn mi ò balẹ̀ lórí Àjàdí," ló wí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ní ọ́fíìsì, níbi tí àwọn méjèèjì nìkan kù sí.

"Màmá, ohùn ẹ̀ ń dún dáadáa. Iṣẹ́ ẹ̀ ni ò dáa mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìròyìn òjò ẹ̀ ti pẹ́ kó tó dé. Àwọn ọ̀gá ní kí n kọ ìwé gbélé-ẹ fún un lónìí."

"Ta ló kí i gbẹ̀yìn?"

"Akíni ń kí i lójoojúmọ́, mà."

"Ìwọ tí o jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

Ládélé mú bírò láti kọ ìwé náà. Màmá ò bá a jà. Ó pa Akíni, ó sì pe òṣùpá fúnra rẹ̀. Ariwo ló kọ́kọ́ dé.

"Àjàdí, o kú iṣẹ́ o. Ìyàwó ńkọ́?"

Ohùn náà já. Wọ́n dúró dè é títí ó fi padà.

"Mosúnmọ́lá ti kú, mà. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí."

Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Ládélé sún mọ́ ẹ̀rọ ìpè. "Àjàdí, kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Mo sọ fún ẹ. O béèrè ìyàwó mi, mo ní ara ẹ̀ ò yá, kí o bá mi wá àyè nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé. O ní, 'A dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?' Lọ́jọ́ tó kú, mo tún sọ. O tún dúpẹ́. Ọkọ̀ yẹn ti lọ. Wọ́n ti sin ín. Mo gbà pé o ò fẹ́ gbọ́ ni."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ojú ti Ládélé débi pé kò lè wo Màmá.

"Ẹ̀rọ ló ń dá ẹ lóhùn," ló wí. "Mi ò gbọ́, Àjàdí. Jọ̀ọ́, má bínú. O kú àdánù. Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú."

"Ládélé, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni."

Àjàdí tún béèrè: "Ṣé ìwọ gan-an ni, àbí ẹ̀rọ yẹn?"