Kúlà tí Mummy Ti Fẹnu Tà

Ọjọ́ tí Elkanah kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ikosi, kò sí àga. Rẹ̀mílẹ́kún yí bááfù ńlá kan dojú bolẹ̀ fún un.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ìtẹ́ tá a ní nìyí."

"Ọba tó bá jókòó sórí bááfù, olorì rẹ̀ kò ní pọnmi jìnnà."

Ẹ̀rín pa wọ́n pọ̀. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn, kò kan ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ló gbé ọkùnrin náà wá. Mummy Martha, ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, ń ta ohun èlò ìdáná ní Ikosi, ó ń tà ní Ogudu, ó tún ń tà lórí fóònù. Ó fẹ́ áàpù kan ṣoṣo tí yóò máa rí ọjà ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó ní kí ọmọ òun yẹ àwọn tó wà wò, kó mú èyí tó dára jù. Rẹ̀mílẹ́kún ti dán méjì wò: ọ̀kan ń kú bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, èkejì kò mọ̀ pé Ogudu wà láyé. Ti Elkanah ló ṣẹ́kù.

Oṣù kan ni wọ́n fi dán an wò. Kó tó pé, "Aunty" tí Elkanah ń pe Rẹ̀mílẹ́kún ti di "Àbẹ̀kẹ́, ẹyinjú mi." Mummy rí wọn. Ó ní, "Ẹni tí áàpù rẹ̀ bá dójú tì mí, kó má fẹsẹ̀ kan ilé mi o."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Elkanah ti béèrè pé, "Ṣé ọjà kan máa ń wà nílẹ̀ tí kì í ṣe ti títà mọ́?" Rẹ̀mílẹ́kún ní rárá. Ó gbàgbé ìṣe ìyá rẹ̀. Bí oníbàárà àtijọ́ bá ti wí pé, "Martha, bá mi mú un," tí Mummy dáhùn pé, "Ó ti di tìrẹ," ó parí. Kò ní kọ ọ́ síbì kan, kò sì ní tà á fún ẹlòmíràn láé.

Áàpù kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Kúlà ńlá kan ṣoṣo tó kù ní Ogudu, èyí tí Alhaja Ajarat, oníbàárà àtijọ́, ti ní kí Mummy bá òun mú fún ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹnì kan rà á lórí fóònù, wọ́n sì gbé e lọ sí àdúgbò Anthony.

Alhaja já wọ ṣọ́ọ̀bù. "Martha! Látọjọ́ tá a ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ náà ti di títà?"

Ojú Mummy wálẹ̀. Elkanah wo Rẹ̀mílẹ́kún. Rẹ̀mílẹ́kún wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àṣìṣe mi ni, mà."

"Wá kó ẹrù rẹ lọ́jọ́ Sátidé."

Ọjọ́ mẹ́fà ni Rẹ̀mílẹ́kún fi wà bí ẹja inú igèrè. Bó bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ kò ní fọkàn tán an mọ́, á gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù Ogudu tó fà lé e lọ́wọ́. Bó bá dákẹ́, olólùfẹ́ lọ. Ó gbàdúrà pé kí Olúwa ṣílẹ̀kùn, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Òun kò tilẹ̀ pàtẹ tirẹ̀.

Elkanah pè é. "Àbẹ̀kẹ́, jẹun. Ṣọ́ọ̀bù pọ̀ l'Ékòó."

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ mélòó ló wà?"



Sátidé dé. Elkanah ń ká wáyà. Orúnkún Rẹ̀mílẹ́kún kan ilẹ̀.

"Mummy, èmi ni. Ó bi mí, mo ní kò sí. Mi ò sọ fún un pé ẹ máa ń fẹnu tajà."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí Alhaja wá, mà."

"O wá jẹ́ kí n fi ọmọ ọlọ́mọ gbálẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà? Mú kọ́kọ́rọ́ Ogudu wá."

Ó fà á lé e lọ́wọ́. Mummy kọjú sí Elkanah.

"Ìwọ náà mọ̀. Kí ló dé tó o fi gbé ẹ̀bi rẹ̀ rù?"

"Mo rò pé yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀, mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Rẹ̀mílẹ́kún ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó bú sẹ́kún. Elkanah na ọwọ́, ó fà á dìde, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

"Tú ọwọ́ yẹn sílẹ̀!" Mummy tẹ bàtà mọ́lẹ̀. "Ọmọ mi kì í ṣe ọjà orí fóònù tí wọ́n ń gbé láìrí olówó rẹ̀. Da wáyà rẹ padà, kó o ṣe àyè fún ọ̀rọ̀ ẹnu mi nínú áàpù yẹn. Bàbá rẹ ńkọ́? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ wá bá mi?"